Owó ilé tó ń wọlé àti ohun tó lè gbé e lọ: bí a ṣe ń wọn ilé ayálégbé kí a tó ra búlọ́ọ̀kù kan

Tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fẹ́ fẹ̀yìn tì nílẹ̀ Yorùbá, ìmọ̀ràn tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó kọ́ ilé síbì kan, kó kó ayálégbé sí i, kó máa fi owó ilé jẹun. Ọmọ tó wà ní London náà ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìmọ̀ràn náà kò burú, àmọ́ àwọn tó ń gbà wá nímọ̀ràn kì í sábà jókòó bá wa ṣírò rẹ̀. Èrè oríṣi méjì ló wà lára ilé ayálégbé. Àkọ́kọ́ ni owó tí ayálégbé ń san lọ́dọọdún. Ìkejì ni bí iye ilẹ̀ àti ilé fúnra rẹ̀ ṣe ń gòkè. Méjèèjì kì í rìn pọ̀ nígbà gbogbo, ẹni tí kò bá sì mọ èyí tí òun ń wá nínú wọn lè kọ́ ilé tó dára, kí ebi máa pa á nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Ẹnì kan ra púlọ́ọ̀tì kan ní ìta Ìbàdàn, ó kọ́ fúláàtì mẹ́rin oníyàrá méjì-méjì sórí rẹ̀. Ilẹ̀ àti ìwé rẹ̀ gba mílíọ̀nù 8 náírà, ilé gba mílíọ̀nù 52. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 60. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń mú ₦900,000 wá lọ́dún. (Iye owó yàtọ̀ láti àdúgbò sí àdúgbò. Ẹ fi tiyín rọ́pò tèmi, ọ̀nà tí a fi ń ṣírò rẹ̀ kò ní yí padà.)

₦900,000 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ ₦3,600,000. Ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù 60 nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ìṣirò ọ̀pọ̀ onílé ń parí sí. Ṣùgbọ́n fúláàtì kan lè ṣófo fún oṣù mẹ́ta kí ẹlòmíì tó kó wọlé: ₦225,000 ti lọ. Ẹni tó ń bá wa bójú tó ilé, tó ń gba owó, tó ń yanjú ìjà orí omi, máa gba ìdá 10 nínú ohun tó wọlé: ₦337,500. Ọ̀dà ń ṣí, páànù ń jò, sókáwè ń kún, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ń jó: ká fi ₦400,000 sí i lọ́dún, nítorí ọdún tí kò sí àtúnṣe kankan, ọdún tó tẹ̀lé e ló máa gba ti méjèèjì. Owó ìjọba àti ti ìjọba ìbílẹ̀, ₦100,000. Tí a bá yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ₦2,537,500 ló kù. Ìdá 4 lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni. Tí owó ilé bá dúró sójú kan, ó máa lé ní ọdún 23 kí mílíọ̀nù 60 tó padà sápò.

Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ń ta Treasury Bills ọlọ́dún kan (ìwé tí ìjọba fi ń yá owó lọ́wọ́ aráàlú) pẹ̀lú èlé tó kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Mílíọ̀nù 60 tó bá lọ síbẹ̀ á mú mílíọ̀nù 12 wá láàárín ọdún kan, kò ní sókáwè, kò sì sí ayálégbé tó máa pè wá ní òru pé iná ti jó. Ṣé ẹni tó kọ́lé wá ya òmùgọ̀ ni? Rárá. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, NBS, sọ pé ọ̀wọ́ngógó ọjà ti dé 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé ẹni tó gba ìdá 20 náà ń pàdánù. Mílíọ̀nù 60 tó fi sílẹ̀ ṣì jẹ́ mílíọ̀nù 60 nígbà tó gbà á padà, àmọ́ kò lè ra ohun tó lè rà ní ọdún tó kọjá mọ́. Ilé kì í dúró sójú kan báyẹn.

Ẹ wo sìmẹ́ǹtì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, àpò kan kò tíì tó ₦3,000. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ó ti kọjá ₦10,000 ní àwọn ibì kan, débi pé ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Irin, páànù, owó bíríkìlà, gbogbo wọn ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ti parí ilé rẹ̀ ní ọdún 2020 ń wo ilé tí ẹnikẹ́ni kò lè fi iye tí òun ná kọ́ mọ́. Òun kò ṣe iṣẹ́ kankan kún un, ilé náà kàn wà níbẹ̀ ni. Ayálégbé tuntun tó bá wọlé náà á sì san iye tí ọjà ń sọ lásìkò yẹn, kì í ṣe iye ọdún 2020.

Nítorí náà, nílẹ̀ wa, èrè tó pọ̀ jù lára ilé ayálégbé sábà máa ń wà nínú ilẹ̀ àti nínú bí ilé ṣe ń sá fún ọ̀wọ́ngógó. Owó ilé ọdọọdún ló kéré. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì ṣe kedere: tí mílíọ̀nù 60 yìí bá jẹ́ gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ, tí o sì fẹ́ jẹun nínú rẹ̀ láti ọdún tó ń bọ̀, ₦2,537,500 lọ́dún jẹ́ bíi ₦211,000 lóṣù, ó sì lè má wọlé lóṣù kan rárá, torí ọdọọdún ni wọ́n ń san án. Ẹni tó ní owó oúnjẹ níbòmíì ló lè dúró de ilẹ̀. Ẹni tí kò ní in á tà á nígbà tí kò yẹ kó tà á, ilé tí a sì ń fi ìkánjú tà kì í mú iye rẹ̀ wá.

Ìṣirò yìí ní àǹfààní kejì. Ó ń jẹ́ ká dá gbájúẹ̀ mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ń polówó pé kí a kó owó wá, àwọn máa fi kọ́ ilé, àwọn máa fi ayálégbé sí i, àwọn á sì máa fún wa ní ìdá 30 lọ́dọọdún, "ó dájú". Níbo ni ìdá 30 yẹn máa ti wá? Ilé tó dára, tó kún fọ́fọ́, ìdá 6 ló ń mú wá kí a tó yọ nǹkan kan. Ẹni tó bá ṣèlérí ìdá 30 látinú owó ilé yóò máa san án látinú owó àwọn tó ń kó owó wá lẹ́yìn wa, títí wọn ò fi ní wá mọ́. Mi ò nílò láti mọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà kí n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Bákan náà ni owó tí a yá. Bánkì tó ń gba èlé ìdá 30 lórí owó tí a máa fi kọ́ ilé tó ń mú ìdá 4 wá ló ni ilé náà, àwa kàn ń bá a gbá àyíká rẹ̀ ni. Ẹ̀yáwó olówó pọ́ọ́kú ti ìjọba lábẹ́ NHF (National Housing Fund, àpò owó ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀) wà fún ilé tí èèyàn máa gbé fúnra rẹ̀, kò wà fún ilé ayálégbé.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun tún yàtọ̀. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Ní ọdún 2024 ó ti kọjá ₦1,500. Fúláàtì tó ń mú ₦500,000 wá lọ́dún jẹ́ bíi dọ́là 1,087 nígbà yẹn. Lẹ́yìn náà ó di bíi dọ́là 333. Kí iye rẹ̀ tó lè dúró lójú ẹni tó wà ní Houston, owó ilé náà gbọ́dọ̀ ti di ₦1,630,000, kò sì sí àdúgbò púpọ̀ tí onílé lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ayálégbé rẹ̀ kó má kó ẹrù rẹ̀. Ẹni tó máa padà wálé gbé, tó máa ná náírà, kò yẹ kí èyí bà á lẹ́rù púpọ̀. Ẹni tó ń ná pọ́n-ùn tàbí dọ́là, tó sì rò pé owó ilé Èkó máa bá òun san owó ilé ní Peckham ní London, kí onítọ̀hún tún ìṣirò rẹ̀ ṣe.

Ewu tó tóbi jù, síbẹ̀, kò sí nínú ìṣirò kankan. Inú ìwé ló wà.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978, Land Use Act, fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. Ohun tí a ń rà lọ́wọ́ ẹni tó ní ilẹ̀ ni ẹ̀tọ́ láti lò ó, tí a sábà máa ń kọ ọdún 99 sí nínú C of O (Certificate of Occupancy, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni). Tí ẹni tó ní C of O bá wá tà á fún wa, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní Governor's Consent. Ọ̀pọ̀ ló gba rìsíìtì àti àgírímẹ́ńtì tí lọ́yà kọ, wọ́n sì rò pé ó ti parí. Àgírímẹ́ńtì fi hàn pé a sanwó. Kò tíì fi hàn pé ilẹ̀ náà mọ́.

Ohun tó yẹ ká ṣe kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wa ni pé kí a gba ẹ̀dà sọ́fè (àwòrán tó fi ìwọ̀n àti ààlà ilẹ̀ náà hàn), kí a gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀, Alausa ní Èkó, Àgodi ní Ìbàdàn. Wọ́n á gbé ìlà rẹ̀ lé máàpù, wọ́n á sì sọ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá ní ìjọba ti gbà á tó sì ti ní ohun tó fẹ́ fi ṣe, ẹ gbọn ọwọ́ yín, ẹ máa lọ, bó ti wù kí ilẹ̀ náà fani mọ́ra tó. Tí wọ́n bá ní abúlé náà ti gba ilẹ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ ìjọba, ẹ béèrè gàsẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (ìwé tí ìjọba fi kéde rẹ̀), kí ẹ sì wò ó bóyá sọ́fè yín bọ́ sínú nọ́ńbà ààlà tó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí lọ́yà tiyín (lọ́yà tiyín o, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà) lọ yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ ìwé ilẹ̀ sílẹ̀. Owó tí gbogbo èyí máa gbà kéré púpọ̀ lójú mílíọ̀nù 60.

Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ kò tíì tán. Òfin Èkó ọdún 2016 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ipá gba ilẹ̀ tàbí láti máa gba owó ìpìlẹ̀, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé. Ó ti ran àwọn kan lọ́wọ́. Níbi tí kò tíì dé, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó ti kọ́lé sí àdúgbò náà sàn ju ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta ilẹ̀ lọ. Ẹ lọ bá wọn lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ béèrè.

Ilé àtijọ́ tó ti ní ayálégbé nínú, bíi ti Mushin tàbí àárín Ìbàdàn, ní ewu tirẹ̀. Tí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ti ẹbí lábẹ́ àṣà wa, ìbáà jẹ́ orí-ò-jorí (iye ọmọ) ni wọ́n máa fi pín in tàbí ìdí-igi (iye ìyàwó). Ọmọ kan ṣoṣo kò lè tà á. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ léraléra: tí ẹlòmíì nínú ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá; tí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà inú ìdílé, àwọn yòókù lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Ẹni tó wá ń ta ilé ní ẹ̀dínwó tó jọni lójú, tó ní kí a yára kí àbúrò òun tó dé láti Àbújá, ẹ bi í pé kí ló dé tí àbúrò náà kò fi gbọdọ̀ gbọ́. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí àti aṣojú ìyá kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí a ya fọ́tò.

Ilẹ̀ tó mọ́ lórí ìwé lè má mọ́ nígbà òjò. Àwọn ará Ìbàdàn kò gbàgbé Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ẹ̀kún omi ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 sì tún pa ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ. Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà ní oṣù Kẹsàn-án. Ní Èkó, ìjọba ti wó àwọn ilé tó wà lójú ọ̀nà omi, ayálégbé tó wà nínú wọn kò sì dá ìjọba dúró.

Ó wá ku ayálégbé fúnra wọn. Onílé àti ayálégbé kì í ṣe ọ̀tá, ṣùgbọ́n òfin ló wà láàárín wọn, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n kí ìjà tó dé. Òfin ayálégbé Èkó ọdún 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Àwọn kan ṣì ń gba ọdún méjì. Wọ́n ń ṣẹ̀ sófin, ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta sì wà fún un. Òfin náà yọ Apapa, GRA Ikeja, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀. Tí àgírímẹ́ńtì kò bá sọ nǹkan míì, ẹni tó ń san owó ọdọọdún gbọ́dọ̀ gba kuít nótíìsì (ìwé pé kó kó jáde) oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san oṣooṣù á gba ti oṣù kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni nótíìsì ọlọ́jọ́ méje, lẹ́yìn ìyẹn ni kóòtù. Ẹni tó bá ṣí páànù orí ayálégbé tàbí tó fi àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di olùjẹ́jọ́.

Ẹ ka àkókò yẹn. Ẹnì kan dá owó dúró ní oṣù Kìíní. Nótíìsì oṣù mẹ́fà, ọjọ́ méje, ẹjọ́ tí wọ́n ń sún síwájú, lọ́yà tó fẹ́ gba owó: ọdún kan àbọ̀ lè kọjá. Fúláàtì kan nínú mẹ́rin tó dúró báyẹn á fa ìdá 4 wa wá sí bíi ìdá 3. Nítorí náà ni mo fi gbà pé yíyan ayálégbé ṣe pàtàkì ju yíyan táìlì lọ. Ẹ béèrè ibi iṣẹ́, kí ẹ lọ síbẹ̀. Ẹ lọ bá onílé ibi tó ń gbé tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń gbé báyìí. Ẹni tó fẹ́ kó ẹ̀fọ́rí rẹ̀ kúrò nílé máa yìn ín fún yín. Kí àgírímẹ́ńtì wà lórí ìwé bó tiẹ̀ jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sálásí yín ni.

Iná náà ti di ọ̀rọ̀ ìdókòwò. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná Báǹdì A (àwọn àdúgbò tí wọ́n ṣèlérí iná tó pọ̀ jù lóòjọ́ fún) láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún ẹyọ kan, ayálégbé ń béèrè báǹdì kí wọ́n tó béèrè yàrá. Kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní mítà tirẹ̀. Gbèsè iná tí ayálégbé bá fi sílẹ̀ lórí mítà àjùmọ̀lò, ọrùn onílé ló ń bọ́ sí.

Àwọn kan máa ń sá fún gbogbo èyí nípa kíkọ́ yàrá kéékèèké fún akẹ́kọ̀ọ́, ní Agbowó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ní Ilé-Ifẹ̀. Lóòótọ́, bí a bá fi owó ìkọ́lé ṣe òṣùwọ̀n, yàrá kékeré ń mú owó ilé wá ju fúláàtì ńlá lọ, bẹ́ẹ̀ ló rí níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò náà ní. Nígbà tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹta sí oṣù Kejìlá ọdún 2020, tí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kò wá. Ẹni tó ní yàrá méjìlá ní àdúgbò kan náà rí ohun tó túmọ̀ sí láti kó gbogbo ẹyin sínú agbọ̀n kan.

Tó bá jẹ́ ilé tó ti kún ni ẹ fẹ́ rà, ẹ má gba iye owó ilé gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tà. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn, kí ẹ bá ayálégbé sọ̀rọ̀, kí wọ́n fi rìsíìtì hàn yín: èló ni wọ́n san, ìgbà wo ló parí. Tí mẹ́ta nínú wọn bá ti san owó ọdún tó ń bọ̀ fún onílé àtijọ́, ẹ̀yin tí ẹ rà á ní oṣù Kìíní lè má rí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta yẹn títí di oṣù Kejìlá, wọ́n á sì ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀. Kí ẹ ka oṣù tó kù lórí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san, kí lọ́yà kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ńtì kí ẹ tó fọwọ́ sí i.